Aláǹtakùn ará Derry: ẹni tí Bassey gba adé lọ́wọ́ rẹ̀



Ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ òwe yìí rí nínú wa. Àwọn ìyá ló sábà máa ń pa á fún ọmọ tó bá ń jà kiri àdúgbò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí òwe náà kò bá mu tán, nítorí àwọn tó ń ṣe é ń fi ìjà wá ọlà, wọ́n sì ń gba orúkọ mọ́ ọn. Iṣẹ́ àwọn akànṣẹ́ ni, àwọn tí oníròyìn wa máa ń pè ní abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò.

Bí ọ̀rọ̀ wọn bá délẹ̀ ní Ìgbàyé, àwa ọ̀dọ́ á dárúkọ Anthony Joshua. Àwọn àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún á ní ká gbẹ́nu dúró ná, ṣé a mọ Hogan Bassey? Ṣé a mọ Dick Tiger? Bákan náà ni ẹ ó gbọ́ ọ ní Ìkìrun, ní Ìnísà, ní Òkukù. Wọ́n á ní Bassey lọ bá Òyìnbó nílé rẹ̀, ó sì nà án nílé rẹ̀. Òótọ́ ni. Ìbéèrè tiwa ni pé, Òyìnbó wo?

Billy Kelly lorúkọ rẹ̀. Ará ìlú Derry ni, ní àríwá Ireland. Ìtàn iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, torí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan ló gba adé lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé e, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn ló sì gbà á lórí rẹ̀. Adé kejì tún wà lórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà tí òfin kò jẹ́ kí Bassey fọwọ́ kàn. A kì í gbọ́ ti adé kejì yìí lẹ́nu àwọn àgbà wa, bẹ́ẹ̀ òun ló jẹ́ ká kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. “Spider” ni wọ́n ń pe Kelly, aláǹtakùn nìyẹn. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Bàbá rẹ̀, Jim Kelly, akànṣẹ́ ni, Aláǹtakùn sì ni orúkọ ìnagijẹ tirẹ̀. Ní oṣù November 1938, ní Belfast, Jim na Benny Caplan, ó sì gba bẹ́líìtì méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ti Ìlú Ọba, àti ti gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù June 1939, Johnny Cusick gba méjèèjì. Billy ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí ní 1932, ṣì jẹ́ ọmọ kékeré nígbà náà.

Nígbà tí Billy dàgbà tóun náà gbé ìbọ̀wọ́ ìjà wọ̀, wọn ò wá orúkọ mìíràn fún un. Ti bàbá ni wọ́n gbé lé e lórí. Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì oríkì nínú wa yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bàbá fi òógùn ra orúkọ, ọmọ ń jẹ́ ẹ kó tó ṣe ohunkóhun, ó wá di dandan kó wá nǹkan ṣe tí orúkọ náà kò fi ní wúwo jù ú lọ. Karin Barber gbé Òkukù, ìlú alámùúlégbè wa, fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta láàárín àwọn ọdún 1970, ó sì kọ ìwé I Could Speak Until Tomorrow tó jáde ní 1991 lórí oríkì ibẹ̀. Nínú oríkì, ìṣe bàbá máa ń di orúkọ ọmọ, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọdún sí i. Ti àwọn Kelly rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá rí “Spider Kelly” nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ tètè wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó fún ọmọ ní ìjà bàbá.

Ìwọ̀n tí àwọn méjèèjì ń jà ni èyí tí wọ́n ń pè ní featherweight, kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 126 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kílò 57. Ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n fi sọ ìwọ̀n náà lórúkọ. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o, ẹ̀ṣẹ́ wọn kì í ṣe ìyẹ́. Ti Billy ní tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo. Ọgbọ́n ló fi ń jà: kó yẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ́ ẹni, kó na ọwọ́ òsì sí onítọ̀hún lójú, kó tún yẹ̀. Irú akànṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà gbé ènìyàn ṣubú. Ó máa ń bá a jà dé abala ìkẹyìn ni, kó sì fi máàkì jù ú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ máàkì yìí sọ́kàn.

Ẹni tó kọ́kọ́ bá jà fún adé ni Roy Ankrah, ọmọ Accra, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tó di Gánà lónìí. Ankrah ti lọ sí London ní oṣù April 1951, ó sì gba bẹ́líìtì gbogbo ilẹ̀ ọba lọ́wọ́ Ronnie Clayton. Ó di í mú fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù October 1954, òun àti Kelly pàdé ní King's Hall ní Belfast. Ilé ńlá kan ni, tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣí ní 1934 fún àfihàn ohun ọ̀gbìn àti ohun ọ̀sìn. Níbi tí màlúù ti ń yan lójú èrò ni àwọn akànṣẹ́ ti wá ń pàdé. Máàkì ni Kelly fi borí Ankrah.

Oṣù mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 22 oṣù January 1955, Kelly bá Sammy McCarthy ará London jà fún bẹ́líìtì ti Ìlú Ọba. King's Hall kan náà ni, máàkì náà ló tún fi borí. Ọjọ́ márùn-ún péré ṣáájú ìjà yìí, ní ọjọ́ 17 oṣù January, ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn bàbá àti ìyá wa àgbà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di síléètì mú, Kelly ti kó bẹ́líìtì méjèèjì tí bàbá rẹ̀ gbà ní 1938 jọ sọ́wọ́. Kí bàbá gba méjèèjì, kí ọmọ náà sì gba méjèèjì, nǹkan ńlá ni. Derry yọ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n yọ̀.

Ní oṣù May ọdún náà, ó tún gbìyànjú ti Yúróòpù ní Dublin. Ray Famechon ará Faransé fi máàkì borí rẹ̀.

Ká wá padà sílé. Ọdún 1932 tí wọ́n bí Kelly ni wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní Creek Town, lẹ́bàá Calabar. Okon Bassey Asuquo lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Efik ni, a ò sì ní fi agbára sọ ọ́ di Yorùbá níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ló ti kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Kó tó pé ogún ọdún, ó ti gba adé Nàìjíríà. Ìgbà tí kò rí ẹni bá jà mọ́ nílé, ó gba Liverpool lọ. Ojú ọ̀nà tó wà nìyẹn fún ẹni tó wà ní Èkó nígbà náà: ọkọ̀ ojú omi ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ń ná Liverpool sí Èkó bí bọ́ọ̀sì ṣe ń ná Òṣogbo sí Ìbàdàn, epo pupa, kòkó àti ènìyàn ló sì ń kó. Ní Liverpool, Peter Banasko, akànṣẹ́ àtijọ́ kan tí bàbá rẹ̀ wá láti Gold Coast, ló kọ́kọ́ ṣe mánéjà fún un. Dick Tiger náà tẹ̀lé e débẹ̀ ní 1955. Kò sí ìgbádùn púpọ̀ níbẹ̀. Otútù ń mú, owó ìjà kéré, ìlú kan lónìí, òmíràn lọ́la.

Ní Ìlú Ọba, títí di 1948, òfin àwọn alákòóso ìjà ẹ̀ṣẹ́ kò gbà kí ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kì í ṣe aláwọ̀ funfun du bẹ́líìtì Ìlú Ọba. Wọn kò sọ ọ́ láṣìírí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n pa òfin náà rẹ́, Dick Turpin, ọmọ tí wọ́n bí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún bàbá aláwọ̀ dúdú, gba bẹ́líìtì náà ní oṣù June 1948. Ó jọ pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí ní Èkó, ní Accra tàbí ní Calabar kò lè gba ibẹ̀ wọlé, àfi tó bá ti gbé Ìlú Ọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́líìtì “gbogbo ilẹ̀ ọba” ni tiwọn. Bí ó bá di ti owó orí, ọmọ ọba kan náà ni gbogbo wa. Bí ó bá di ti bẹ́líìtì, ọmọ inú ilé yàtọ̀ sí ọmọ ẹ̀yìnkùlé.

Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù November 1955, nígbà tí Bassey gun orí pèpéle ìjà ní King's Hall, ẹni tó ni bẹ́líìtì méjì ló dúró níwájú rẹ̀, ẹyọ kan péré ni wọ́n sì gbé kalẹ̀. Bó na Kelly ní ànàtúnnà, ìkejì kò lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni àwọn méjèèjì. Abala 15 ni ìjà náà ì bá jẹ́. Ní abala kẹjọ, Bassey gbé Kelly ṣubú, rẹfirí sì kà á dé mẹ́wàá.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìjà Ankrah àti ìjà Bassey. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà náà, kò sí adájọ́ mẹ́ta tó jókòó sí ìsàlẹ̀ bíi ti Amẹ́ríkà. Rẹfirí nìkan ló ń kọ máàkì. Òun ló ń là wọ́n, òun ló ń kìlọ̀ fún wọn, òun náà ló ń ṣírò. Àlejò tó bá ti Accra tàbí Èkó wá, tó dúró láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò tó ń kọrin fún ọmọ ìlú wọn, ó ti fi gbogbo ìrètí rẹ̀ sọ́wọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo. A ò sọ pé wọ́n rẹ́ Ankrah jẹ. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹ̀ṣẹ́ Bassey kò fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí yóò ṣírò. Nígbà tí rẹfirí ti ka mẹ́wàá, kò sí pẹ́ńsù tó lè yí i padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Kelly lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹfirí yìí ta wá lójí. Ní ọjọ́ 4 oṣù February 1956, kò tíì pé oṣù mẹ́ta sí ìgbà tí Bassey nà án, ó padà sí King's Hall láti fi bẹ́líìtì Ìlú Ọba tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jà. Charlie Hill ará Scotland ni wọ́n mú wá. Wọ́n jà parí. Rẹfirí lọ gbé ọwọ́ Hill sókè. Inú bí àwọn ará Belfast gan-an. Àga ń fò, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín èrò, gbogbo ilé dàrú. Lójú tiwọn, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù gba ohun tí Kelly fi ọwọ́ rẹ̀ jà fún.

Ó dùn wá fún un nígbà tí a kà á. Ọgbọ́n àti máàkì ló gbé Kelly dórí oyè lẹ́ẹ̀mejì, máàkì ló sì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Nínú ilé kan náà, láàárín ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, ó pàdánù bẹ́líìtì méjèèjì, ọ̀kan nípa ẹ̀ṣẹ́ tí kò ní àríyànjiyàn, èkejì nípa ìṣirò tí wọ́n bá a jiyàn títí. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń da àga nù ní Belfast yìí gan-an, Ayaba Elizabeth ń bẹ lórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn ọmọléèwé ń ju àsíá kékeré sí i ní bèbè ọ̀nà.

Èyí mú wa padà sí ìbéèrè tí a kọ́kọ́ béèrè. Òyìnbó wo ni Bassey nà? Lẹ́nu àwọn àgbà wa, aláwọ̀ funfun ni, ó sì parí. Ṣùgbọ́n ìlú Kelly fúnra rẹ̀ ní orúkọ méjì: àwọn tó fẹ́ wà lábẹ́ ọba ń pè é ní Londonderry, àwọn tó ka ara wọn sí ọmọ Ireland ń pè é ní Derry lásán. Orúkọ tó bá jáde lẹ́nu rẹ ló ń sọ ilé tó o ti wá. Àwọn Kátólíìkì ló pọ̀ jù níbẹ̀ láyé ìgbà náà, síbẹ̀ wọ́n ti pín àgbègbè ìdìbò rẹ̀ lọ́nà tí àwọn tó kéré fi ń ṣàkóso ìgbìmọ̀ ìlú. Ọ̀rọ̀ náà kò rọlẹ̀. Ní oṣù October 1968 wọ́n na àwọn tó ń wọ́de ní àárín ìgboro, ní ọjọ́ 30 oṣù January 1972 sì ni àwọn sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa ènìyàn 13 lójú pópó ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayé kò gbọ́ orúkọ Derry rí kó tó di ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, ẹni tó dúró ní igun kan lálẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ ọmọ Efik tó ti Èkó gba Liverpool wá, ẹni tó dúró ní igun kejì sì jẹ́ ọmọ Ireland láti ìlú tí wọn kò tíì fẹnu kò lórí orúkọ rẹ̀. Adé ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń jà sí. Kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kankan nínú àwọn méjèèjì. A ò rò pé ó yẹ ká máa sọ ọ́ bí ẹni pé amúnisìn àti ẹni tí wọ́n mú sìn ló kojú ara wọn. Ó díjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, òfin ọ̀hún mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn: ó gba Kelly láyè láti jókòó sídìí tábìlì, ó ní kí Bassey dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ti Bassey yá kánkán lẹ́yìn náà. Sandy Saddler, tó ni bẹ́líìtì àgbáyé, fẹ̀yìn tì. Ní Paris, ní ọjọ́ 24 oṣù June 1957, Bassey àti Cherif Hamia, ọmọ Algeria tó ń jà lábẹ́ Faransé, jà fún àyè tó ṣófo náà. Ogun ìdáǹdè Algeria ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ń mú sìn méjì ló sì tún wà lójú ìjà. Rẹfirí dá a dúró ní abala kẹwàá, Bassey sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba adé àgbáyé. Kò sí tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà nígbà náà, ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Rédíò àti ìwé ìròyìn ló gbé e dé etí àwọn èèyàn wa. Ní ọjọ́ 8 oṣù August ọdún kan náà, kò tó oṣù méjì sí i, Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà gba ìjọba ara-ẹni. A kì í ṣe ẹni tó máa sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ìròyìn méjèèjì ní ìgbà òjò kan náà kò ní ṣàì so wọ́n pọ̀ lọ́kàn.

Davey Moore ará Amẹ́ríkà gba adé náà lọ́wọ́ Bassey ní Los Angeles ní oṣù March 1959, ó sì tún nà án ní oṣù August. Bassey padà wálé, ó di kóòṣì orílẹ̀-èdè. Ọmọ Èkó tiwa, Nojim Maiyegun, gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ ní Òlíńpíìkì Tokyo ní 1964, àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà rí nínú ìdíje náà. Ọmọ Èkó mìíràn, Rafiu King, ti lọ bá Sugar Ramos jà ní Mexico City ní oṣù July 1963 fún bẹ́líìtì tí Bassey ti dé rí, ó sì bá a dé abala 15 kó tó pàdánù. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Dick Tiger na Gene Fullmer ní Liberty Stadium, Ìbàdàn. Ìyẹn ni àwọn àgbà wa fẹ́ràn láti máa sọ jù, a ó sì kọ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Bassey kú ní oṣù January 1998. Kelly jà títí dé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kò sì tún rí adé kankan gbà. Ó kú ní 2010.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wo àkọsílẹ̀ àwọn tó ti gba adé ìwọ̀n pọ́n-ùn 126 rí, ẹ ó rí i níbi ti gbogbo ilẹ̀ ọba pé orúkọ Kelly dópin ní 1955, ti Bassey sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wo ti Ìlú Ọba. Billy “Spider” Kelly, January 1955 sí February 1956. Kò sí ohunkóhun tó fi hàn níbẹ̀ pé ẹnì kan kà á dé mẹ́wàá ní oṣù November.